Ààfin Àgbómẹ̀: Ilé Tí Iná Kò Lè Jó Tán, àti Ìpín Ọmọ Ìdáàṣà Nínú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà ńlá láti Ìdáàṣà lọ sí ìhà gúúsù, kò ní í rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà kí ó tó dé Bohicon. Bí ó bá yà sí ọwọ́ ọ̀tún níbẹ̀, Àgbómẹ̀ ni yóò wọ̀. Àárín ìlú yìí ni ààfin àwọn ọba Dàhòmì wà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 47. Kì í sì í ṣe ààfin kan ṣoṣo, ààfin mẹ́wàá ni, tí ọba kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti èkejì. Iná ti jó o. Òjò ti pa á. Ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀ dànù. Síbẹ̀ ó wà níbẹ̀ títí di òní, àjọ UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti ọdún 1985.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa yóò béèrè pé, kí ló kan ọmọ Òkè nínú ọ̀rọ̀ ààfin Àgbómẹ̀? Ṣé kì í ṣe inú ilé yẹn ni ogun ti ń jáde wá kó àwọn baba ńlá wa? Ṣé kì í ṣe nítorí àwọn tó jókòó sínú ilé yẹn ni àwọn òbí wa fi ń sá gun orí àpáta pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti ẹrù àgbàdo? Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní í fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó kó o kò ní í gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìtàn ilé náà sí i ni ó ń yé mi pé kì í ṣe ti àwọn tó jókòó sórí ìtẹ́ nìkan. Ìpín tiwa wà nínú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti sọ.

Bí a ṣe kọ́ ilé náà

Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ìjọba Dàhòmì bẹ̀rẹ̀. Àwọn òpìtàn máa ń ka ọdún 1625 sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Houégbadja, ọba kẹta nínú ìtò ìdílé náà, ni wọ́n gbà pé ó fi ẹsẹ̀ ìjọba múlẹ̀ ní Àgbómẹ̀. Ní èdè Fọ̀n, inú odi ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà, nítorí yàrà àti odi tó yí i ká. Láti ayé Houégbadja ni ó ti di àṣà pé ọba tuntun kì í sọ ilé baba rẹ̀ di tirẹ̀. Yóò fi ilé baba sílẹ̀ fún àwọn òkú àti àwọn ayaba àgbà, yóò sì kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Akaba nìkan ni ó ya ti tirẹ̀ sọ́tọ̀ sí ibòmíràn. Báyìí ni ààfin náà ṣe ń gbòòrò láti ìran dé ìran, tó fi dà bí ìlú nínú ìlú. Nígbà tí ìjọba náà gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbé inú odi rẹ̀, obìnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn: ayaba, ìránṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn obìnrin jagunjagun tí òkìkí wọn kàn dé ilẹ̀ òkèèrè, àti àwọn ẹrú.

Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀. A ń gbẹ́ ilẹ̀, a ń fi ẹsẹ̀ po ó pẹ̀lú omi, a ń mọ ọ́n ní ìpele kan, a ń jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tó mọ ìpele kejì lé e lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí àwọn bàbá wa ṣe ń mọ ilé ní Kpingni yóò mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Koríko ni òrùlé rẹ̀, bí bẹẹrẹ tí à ń fi bo ilé nílé wa. A ń tò ó nípọn, a sì ń jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa kí òjò má baà fọwọ́ kan ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti tẹrí ba. Òrùlé yìí ni ẹ̀mí ilé amọ̀. Bí koríko bá jẹrà tí a kò pààrọ̀ rẹ̀, ọdún mélòó kan péré ni òjò yóò fi sọ ògiri di òkìtì.

Ara ògiri ni wọ́n ti ń kọ ìtàn wọn. Wọn kò kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Wọ́n ń fi amọ̀ mọ àwòrán sí ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, wọ́n sì ń kùn ún ní àwọ̀. Kìnnìún dúró fún Glèlè. Ẹja ńlá tó ń da omi òkun rú dúró fún Béhanzin. Ìkòkò tí a dá ihò sí lára dúró fún Guézo, ọba tó jẹ láti ọdún 1818 sí 1858. Ó fi ìkòkò náà kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé bí gbogbo ọmọ bá fi ìka wọn dí àwọn ihò yẹn, omi kò ní í dànù, ìlú yóò sì là. Lára àwọn ògiri náà ni àwòrán ogun wà pẹ̀lú, ogun tí wọ́n bá àwọn Mahi jà àti ogun tí wọ́n bá àwọn Nàgó jà. Nàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa tó ń sọ èdè Yorùbá. Nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, àwa ni ẹni tí wọ́n lù bolẹ̀.

Ogun láti inú ilé náà

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ láìdín. Àwọn ọba Àgbómẹ̀ gba Àláàdá ní ọdún 1724, wọ́n sì gba ilẹ̀ Wídà létí òkun ní ọdún 1727. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ta ènìyàn fún àwọn òyìnbó láìsí alágbàtà láàárín. Àwọn fúnra wọn kò bọ́ lọ́wọ́ ogun. Láti ọdún 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ń ya bo ilẹ̀ wọn, títí tí Dàhòmì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin lọ́dọọdún. Guézo ni ó kọ̀ láti san án mọ́ ní nǹkan bí ọdún 1820 sí i, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ti ń rẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ojú Dàhòmì yí sí ìhà ọ̀dọ̀ wa tán pátápátá. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, wọn kò rí i kó. Wọ́n pa Ìṣàgá run ní ọdún 1862. Wọ́n pa Kétu run ní ọdún 1886, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn.

Ní tiwa, àwọn òkè ni odi wa. Kì í ṣe lásán ni a ń pe Ìdáàṣà ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Àwọn ọmọ Jagun Ọlọ́fin, tí wọ́n ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá tẹ ìjọba Omojagun dó, àti àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀, gbogbo wọn ló kọ́ bí a ti í fi àpáta ṣe ibi ààbò. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, bí a bá gbọ́ pé ogun Dàhòmì ń bọ̀, a ó fi oko sílẹ̀, a ó gun òkè. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè gbé orí àpáta títí láé. Oúnjẹ ń bẹ nísàlẹ̀, omi ń bẹ nísàlẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ lójú ọ̀nà oko àti lójú odò ni wọ́n kó lọ. A tà àwọn kan sókè òkun. Àwọn mìíràn kò kọjá Àgbómẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti roko, ibẹ̀ ni wọ́n ti pọn omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ po amọ̀.

Ìtàn kan wà tí wọ́n ń sọ fún àlejò nínú ààfin náà títí di òní, pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìrántí fún ẹ̀mí ọba tó ti wàjà, wọ́n da ẹ̀jẹ̀ àwọn ìgbèkùn mọ́kànlélógójì pọ̀ mọ́ amọ̀ ògiri rẹ̀. Ẹni tó bá ti Ìdáàṣà lọ, tó gbọ́ iye yẹn, kò lè ṣe kí ó má ronú kan àwọn òkè tirẹ̀. Inú ilé náà ni ìtẹ́ Guézo tún wà, tó dúró lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin. Kò sí ìdí láti fi ọ̀rọ̀ dídùn bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn wa gbé wọ ibẹ̀

Síbẹ̀, ìgbèkùn kì í wọ ìlú ní ọwọ́ òfo. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀ gbé ìmọ̀ wọn dání. Ifá, tí wọ́n ń pè ní Fá níbẹ̀, ti ọ̀dọ̀ àwọn Nàgó wá, ó sì di ohun tí ọba kan kò lè ṣe láìbi í. Ògún di Gou. Ère irin Gou tó lókìkí jù lọ, èyí tí wọ́n rọ fún Glèlè láti bu ọlá fún Guézo baba rẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ń pè ní Akati Ekplékendo. Àwọn olùwádìí sọ pé ẹni tí ogun Guézo kó ní ìhà Doumè ni, ní ẹkùn Àwọn Òkè tiwa yìí. Ère náà wà ní Paris títí di òní, nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre.

Ohun tó kan wa jù lọ ni ti òrìṣà ilẹ̀, Sakpata, tí àwọn Yorùbá ìhà ìlà-oòrùn ń fi ìbẹ̀rù pè ní Ọbalúayé. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìsìn òrìṣà ní ilẹ̀ wa àti ní Bahia, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ilẹ̀ Ìdáàṣà ni ìsìn yìí ti lọ sí Àgbómẹ̀ ní ayé Agadja. Ó sì dárúkọ Kpingni Vedji gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ọba tó ń kó ènìyàn wa lẹ́rú ní láti ránṣẹ́ wá sí abẹ́ òkè wa láti gba òrìṣà tí yóò gbà á lọ́wọ́ àrùn ìgbóná. Nígbà tí òrìṣà náà sì dé, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ọba, nítorí pé ọba àti onílẹ̀ ni wọ́n ń fi kì í, ọba méjì kì í sì í gbé ìlú kan náà.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ilé náà kì í ṣe ti ìdílé ọba nìkan. Orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ló kọ́ ọ.

Iná tí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá

Béhanzin gorí ìtẹ́ nígbà tí Glèlè wàjà ní òpin ọdún 1889. Àwọn Faransé ti wà ní Kútọnu nígbà náà. Ogun àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1890, èkejì ní ọdún 1892. Ọ̀gágun Alfred-Amédée Dodds, tí wọ́n bí sí Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun Faransé. Wọ́n jà láti etí odò Wẹ́mẹ̀ títí dé Kana, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin jagunjagun sì kú lójú ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí Béhanzin rí i pé ìlú yóò bọ́, ó pàṣẹ kí wọ́n dáná sun ààfin kí ọ̀tá má baà bá a láàyè. Koríko àwọn òrùlé náà jó lálẹ́, ẹ̀fin sì bo ìlú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1892, nígbà tí Dodds wọ Àgbómẹ̀, eérú àti ògiri dúdú ni ó bá. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ kì í jó bí igi. Òrùlé lọ, ìlẹ̀kùn lọ, ògiri dúró. Nínú ilé gbogbo àwọn ọba, ti Guézo àti ti Glèlè ni ó kù tó ṣeé tún ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù di ògiri àlàpà.

Àwọn ọmọ ogun kó ohun tí iná kò rí jó. Wọ́n kó ìtẹ́, wọ́n kó ère, wọ́n kó ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ tí wọ́n bá níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Dodds fi wọ́n ta ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris lọ́rẹ. Béhanzin fara rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1894. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, ó sì kú ní ilẹ̀ Àlùjíríà ní ọdún 1906. Ọdún 1928 ni egungun rẹ̀ padà wálé.

Ohun tí ó jẹ́ òpin ayé fún ààfin náà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn ará Kétu tó wà ní ìgbèkùn ní agbègbè Àgbómẹ̀ tú ká padà sí ilé, wọ́n sì tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ní ilẹ̀ wa náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láìbẹ̀rù. Ìdílé pọ̀ nínú wa tó jẹ́ pé ẹ̀yìn iná yẹn ni ìtàn wọn nísàlẹ̀ òkè bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba mìíràn ló tẹ̀lé e, tí ó mú iṣẹ́ tipátipá àti owó orí wá. Ṣùgbọ́n ogun tó ń kó ọmọ lójú odò dáwọ́ dúró.

Àwọn ọwọ́ tí kò jẹ́ kí ó wó

Bí ilé náà ṣe yè lẹ́yìn iná jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn àjogúnbá. Kò sí agbára ìkọ̀kọ̀ kan níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni. Agoli-Agbo, tí àwọn Faransé fi jọba ní ọdún 1894, bẹ̀rẹ̀ sí í tún apá kan ṣe. Wọ́n lé òun náà kúrò ní ọdún 1900, wọ́n gbé e lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1911, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emmanuel Waterlot wá ya àwọn àwòrán ara ògiri náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ní ọdún 1926. Ìwé yẹn ni a fi mọ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí kí òjò tó fọ̀ wọ́n. Láyé ìjọba amúnisìn ni wọ́n fi páànù rọ́pò koríko lórí àwọn ilé kan. Ní nǹkan bí ọdún 1943 ni wọ́n sọ ilé Guézo àti ti Glèlè di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé.

Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1984, ìjì líle kan jà ní Àgbómẹ̀. Ó ba ẹnu ọ̀nà ńlá Guézo jẹ́, ó ba iyàrá tí wọ́n ń kó àwọn asẹ́n sí jẹ́, ìyẹn àwọn ọ̀pá irin ìrántí òkú. Ó ba ibojì ọba jẹ́, ó sì ba iyàrá ohun ọ̀ṣọ́ jẹ́ pẹ̀lú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, UNESCO kọ orúkọ ààfin náà sínú ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, àti ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu. Ọdún 22 ni ó lò nínú ìwé ewu yẹn kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò ní ọdún 2007.

Iṣẹ́ pọ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ítálì fi owó ṣèrànwọ́. Ní ọdún 1988, gbọ̀ngàn Glèlè ti bàjẹ́ débi pé wọ́n ní láti wó o kí wọ́n tún un kọ́. Kí wọ́n tó wó o, wọ́n gé àwọn àwòrán amọ̀ náà kúrò lára ògiri. Àádọ́ta ni wọ́n rí gbà là nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Láti ọdún 1993 sí 1997, ilé-iṣẹ́ Getty láti Amẹ́ríkà àti àwọn ọmọ Bénin tó kọ́ iṣẹ́ náà jọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára wọn, wọ́n ń dí ojú ibi tó là, wọ́n ń fún amọ̀ tó ti ń rọ́ ní okun. Ẹni tó bá lọ wò wọ́n lónìí yóò rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lọ́tọ̀ nínú férémù tirẹ̀, bí ojú ewé tí a já kúrò nínú ìwé.

Ewu kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nínú ọyẹ́, iná tún ràn mọ́ àwọn òrùlé koríko, ó sì jó ọ̀pọ̀ ilé nínú ààfin náà. Wọ́n tún un bò. Jápáànì fi owó ṣèrànwọ́ láti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í dènà iná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun 26 nínú àwọn tí Dodds kó lọ padà dé Kútọnu, lẹ́yìn òfin tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún 2020. Ère Guézo, ti Glèlè àti ti Béhanzin wà nínú wọn, pẹ̀lú ìtẹ́ àti ìlẹ̀kùn ààfin mẹ́rin.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sílẹ̀ wo ọ̀kan nínú àwọn ìtẹ́ náà bí ẹ bá láǹfààní. Òkè rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ọba sí lábẹ́ agboòrùn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ àwọn ènìyàn tí a dè pọ̀ mọ́ra sí. Nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń yọ̀ pé àwọn ọba ti padà wálé, àwọn tí a dè náà padà wálé pẹ̀lú wọn. N kò gbọ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ìyẹn.

Ìpín tiwa

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Àwọn kan ní kí a jẹ́ kí ilé ẹrú wó. Ìbínú wọn yé mi, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí ògiri yẹn bá wó, kì í ṣe ìrántí àwọn ọba ni yóò kọ́kọ́ parun. Àwọn ọba ní akígbe, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ère ní ìgboro Àgbómẹ̀ àti ní Goho. Àwọn tó po amọ̀ náà ni kò ní nǹkan mìíràn tó jẹ́rìí pé wọ́n gbé ayé rí. Àmì ọwọ́ wọn wà lára ògiri yẹn, kò sì sí níbòmíràn. Ẹni tó bá ní kí ó wó ń sin àwọn baba ńlá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

N kò sì sọ ọ̀rọ̀ yìí láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn Fọ̀n. A ti fẹ́ ara wa, a ti bí ọmọ fún ara wa, a jọ ń ná ọjà kan náà ni. Ṣùgbọ́n àlàáfíà tí a kọ́ sórí ìdákẹ́jẹ́ dà bí ilé tí a kò bò lórí. Bí òjò kan bá rọ̀, yóò wó.

Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa.

Àkọ́kọ́, a ń kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun ní Àgbómẹ̀ fún àwọn ọba àti àwọn obìnrin jagunjagun. Kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó o, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láti béèrè pé kí ìtàn àwọn ìgbèkùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn ọmọ Ìdáàṣà, àwọn Mahi, àwọn Kétu, àwọn Ṣábẹ̀ẹ́. Kí a má kàn béèrè lásán. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ní ìtàn ẹni tí wọ́n kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú oríkì rẹ̀, kí a lè fi lé wọn lọ́wọ́.

Èkejì, kí a bojú wo ilé tiwa. Àwọn ibùgbé àtijọ́ wa wà lórí àwọn òkè: ojú ọlọ lára àpáta, ìpìlẹ̀ ilé, ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àwọn ìyá wa là. Àgbómẹ̀ rí Waterlot kan tó ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1911, kí òjò tó fọ̀ ọ́. Ta ni yóò ya tiwa? Àwọn ọmọ wa ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó lè ya àwòrán. Kí àgbà kan àti ọmọ kan jọ gun òkè ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí àgbà máa dárúkọ ibi, kí ọmọ máa yà á, kí ó sì máa kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a máa mú àwọn ọmọ wa lọ sí Àgbómẹ̀. Kí a má fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ń mú àlejò kiri nìkan. Kí àgbà kan láti Òkè bá wọn lọ, kí ó dúró níwájú àwòrán ogun yẹn, kí ó sì sọ fún wọn pé: ẹni tó wà nílẹ̀ yìí, tiwa ni, ẹni tó mọ ògiri yìí pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tiwa, òrìṣà tí ọba yìí ń bẹ̀rù, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá.

Ààfin Àgbómẹ̀ yè nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí ó bá wó, ẹnìkan wà tó tún po amọ̀. Guézo wí nípa ìkòkò rẹ̀ pé ọmọ gbogbo ni yóò fi ìka dí ihò rẹ̀. Kò ro àwa mọ́ ọn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìka tiwa ti wà lára ìkòkò náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń mọ ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kí á mú un kúrò.

Kí àwọn òkè wa máa ṣọ́ wa o.